Ẹni Méjì Lábẹ́ Ẹ̀sùn Kan: Ẹ̀tọ́ Olùjẹ́jọ́ Lára Olùjẹ́jọ́ Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ fún àwọn ọmọ Yorùbá ní Brockley, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀rọ̀ tí ẹ pè mí sí kì í ṣe irú èyí tí à ń sọ níbi àríyá, àmọ́ ibi àríyá gan-an ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà míì, ẹ ó sì rí i bí a bá débẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tó wà láàárín ẹni méjì tí ẹnì kẹta pè lẹ́jọ́ pọ̀.

Gbogbo wa la mọ ohun tí olùpẹjọ́ lè ṣe fún olùjẹ́jọ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé olùjẹ́jọ́ kan lè bèèrè owó lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́ kejì nínú ẹjọ́ kan náà, àti pé bí kò bá bèèrè, ó lè dá nìkan san gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bí wọ́n bá pè yín lẹ́jọ́ pẹ̀lú ẹlòmíràn, ẹ má ṣe sá sẹ́yìn onítọ̀hún. Ẹ gbé ẹ̀tọ́ yín lára rẹ̀ kalẹ̀ níwájú adájọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín, ìbáà jẹ́ pásítọ̀ yín. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn, ìyókù jẹ́ àlàyé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Brockley Cross, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín. Ẹni tó bá ti wakọ̀ gba ibẹ̀ rí mọ̀ bó ṣe rí: ráńdábáòtù kékeré méjì tó fara kanra, tí mọ́tò ń tú dé láti oríṣiríṣi ìhà. Ká sọ pé ìyá kan jókòó sẹ́yìn mọ́tò àbúrò rẹ̀, wọ́n ń bọ̀ láti Rye Lane pẹ̀lú ẹrù ọjà. Mọ́tò mìíràn yọ, àwọn méjèèjì forí gbárí, eegun èjìká ìyá kán. Kì í ṣe òun ló wakọ̀, kò jẹ̀bi ohunkóhun. Lọ́yà rẹ̀ pe awakọ̀ méjèèjì lẹ́jọ́, torí kò sẹ́ni tó mọ èwo ni adájọ́ máa dá lẹ́bi. Ká sọ pé owó gbà-má-bínú rẹ̀ jẹ́ £30,000, kí adájọ́ sì ní awakọ̀ méjèèjì ló jẹ̀bi, pé nínú ẹ̀bi 100, 20 ni ti àbúrò ìyá, 80 ni ti ẹnì kejì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé àbúrò yóò san £6,000, ẹnì kejì á san £24,000, kí olúkúlùkù sì máa lọ sílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni tó bá lọ́wọ́ nínú òfò kan tí kò ṣeé pín ló jẹ ẹni tó ṣòfò ní gbogbo rẹ̀. Ìyá lẹ́tọ̀ọ́ láti gba £30,000 náà pátá lọ́wọ́ ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn awakọ̀ yẹn, èyí tó bá lówó tàbí tó ní adójútòfò. Kò gbọdọ̀ gba ju £30,000 lọ lápapọ̀, àmọ́ bí àwọn awakọ̀ yóò ṣe pín in láàárín ara wọn kò kàn án. Ìpín 20 àti 80 yẹn, ọ̀rọ̀ inú ilé àwọn olùjẹ́jọ́ ni. Bí ìyá bá gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ adójútòfò àbúrò rẹ̀, adójútòfò yẹn ni yóò lépa awakọ̀ kejì fún £24,000.

Bí awakọ̀ kejì bá wá di ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ ńkọ́? Òfò náà já lé ẹni tó jẹ̀bi 20 lórí. Èyí máa ń dun àwọn èèyàn, mo sì mọ̀dí rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì: ta ló yẹ kí òfò bá, ẹni tó ní ẹ̀bi díẹ̀ ni, tàbí ẹni tí kò ní ẹ̀bi rárá? Òfin ti yàn, mo sì gbà pé ó yàn dáadáa. Ní oṣù karùn-ún 2006, nínú ẹjọ́ Barker àti Corus, House of Lords, kóòtù tó ga jù nígbà náà, yà kúrò lọ́nà yìí fún àwọn tí eruku asbestos fún ní àrùn jẹjẹrẹ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, tí wọ́n ń pè ní mesothelioma. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ náà ti bá ṣiṣẹ́ san ìpín tirẹ̀ nìkan. Ó já sí pé bí ilé iṣẹ́ méjì nínú mẹ́ta bá ti kógbá sílé, opó òṣìṣẹ́ yẹn á gba ìdá kan, á sì fọwọ́ lẹ́rán lórí ìyókù. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Parliament fi dá ọ̀rọ̀ náà padà sí bó ṣe wà nínú Compensation Act 2006: kí opó gba gbogbo owó rẹ̀ lọ́wọ́ èyí tó kù, kí èyí tó kù lọ wá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí.

Àwọn baba wa náà mọ bó ṣe ń rí kí ẹnì kan san ohun tí ẹlòmíràn jẹ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí àwọn òyìnbó tó gba ìjọba, àwọn ìlú wa ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní èmú tàbí àmúyá. Bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, ẹni tó jẹ lówó lè mú ará ilé rẹ̀, tàbí ará ìlú rẹ̀, tàbí ẹrù onítọ̀hún lójú ọ̀nà, kó sì dì í mú títí owó yóò fi jáde. Ẹni tí wọ́n mú kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ni yóò lọ ká onígbèsè gan-an mọ́lé, tí wọn yóò ní kó wá tú ọmọ àwọn sílẹ̀. Ìjà ńláńlá ti ibẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú àti ìlú. Kò sí ẹni tí yóò fẹ́ kí irú rẹ̀ padà wá, torí aláìṣẹ̀ pọ́ńbélé ni wọ́n ń mú. Àmọ́ ó fi hàn pé ìbéèrè yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa: ẹni tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ tẹ̀, báwo ló ṣe máa rí owó rẹ̀ gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó ni gbèsè?

Fún ìgbà pípẹ́, ìdáhùn ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kò ní rí i gbà. Ní 1799, ẹjọ́ Merryweather àti Nixan dé iwájú adájọ́ àgbà Lord Kenyon. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Starkey ti pe àwọn méjèèjì lẹ́jọ́ pọ̀ lórí ohun tí wọ́n bà jẹ́ nínú ilé ọlọ rẹ̀. Ó borí, ó sì gba gbogbo £840 náà lọ́wọ́ Merryweather nìkan. Merryweather wá ní kí Nixan san ìdajì. Kenyon ní rárá, aṣebi kò lè wá bèèrè ìdásí lọ́wọ́ aṣebi ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kóòtù. Ó lé ní 130 ọdún tí ìdájọ́ yẹn fi ń fìyà jẹ ẹni tó bá lówó jù nínú àwọn olùjẹ́jọ́. Àwọn onídùúró wà lára àwọn tó rí àánú gbà: láti 1787, nínú ẹjọ́ Dering àti Earl of Winchelsea, wọ́n ti ní bí onídùúró púpọ̀ bá wà fún gbèsè kan, tí ẹnì kan sì san ju ìpín tirẹ̀ lọ, kí àwọn ìyókù dá sí i.

Ọdún 1935 ni Parliament tó fi òpin sí ti Merryweather, òfin tí a ń lò báyìí sì ni Civil Liability (Contribution) Act 1978, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù kìíní 1979. Kò kúkú gùn. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá jẹ ẹlòmíràn ní ẹ̀san lórí òfò kan lè gba ìdásí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mìíràn tó jẹ ẹ̀san lórí òfò kan náà. Kò béèrè bóyá àìbìkítà ló mú ọ̀kan jẹ̀bi tí àdéhùn tó yẹ̀ sì mú èkejì jẹ̀bi. Ohun tó ń wò ni kí òfò náà jẹ́ ọ̀kan. Iye tí onítọ̀hún máa dá ni iye tí adájọ́ bá rí pé ó tọ́ tó sì yẹ, ní ìwọ̀n bí ẹ̀bi rẹ̀ ṣe tó. Adájọ́ lè ní kó san gbogbo rẹ̀. Ó sì lè ní kó má san nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé àti ilẹ̀ nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé òfin yìí lọ sí Nàìjíríà bẹ́ẹ̀. Òfin Parliament tó bá ti wà ní 1 oṣù kìíní 1900 ni ilẹ̀ wa jogún; ti 1935 ti pẹ́ jù. Èkó ní láti ṣe tirẹ̀, ìyẹn Law Reform (Torts) Law. Ẹ bi lọ́yà ìpínlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá kàn.

Mo fẹ́ kí ẹ fọkàn bá mi lọ sí Romford báyìí, nítorí ẹjọ́ tó wá láti ibẹ̀ ni mo fi ń gbàdúrà pé kí àwọn ènìyàn mi má bọ́ sí irú rẹ̀. Ní 1949, Martin Lister ń wa lọ́rì fún ilé iṣẹ́ Romford Ice and Cold Storage. Bàbá tó bí i lọ́mọ ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lórí lọ́rì náà. Wọ́n lọ kó pàǹtírí ní ilé ìpẹran kan, ọmọ ń fi ẹ̀yìn rin lọ́rì wọ inú ọgbà, ó sì kọlu bàbá rẹ̀. Bàbá pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́, torí pé àìbìkítà òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ló ń dáhùn fún un. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ san £1,600, adójútòfò sì san án. Títí dé ibi yìí, kò sí ìjà láàárín bàbá àti ọmọ. Bàbá kò pe ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́, ọmọ kò sì bá bàbá rẹ̀ jiyàn.

Ni adójútòfò bá dìde. Ó lo orúkọ ilé iṣẹ́, ó pe ọmọ lẹ́jọ́ pé kó dá gbogbo owó tí wọ́n san fún bàbá rẹ̀ padà. Ẹjọ́ náà dé House of Lords, àwọn adájọ́ márùn-ún jókòó lé e, wọ́n sì pín sí mẹ́ta àti méjì ní oṣù kejìlá 1956. Àwọn mẹ́ta tó pọ̀ jù ní ọmọ jẹ̀bi, nítorí àdéhùn iṣẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní in nínú, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́, pé yóò fi ìṣọ́ra ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ lásán, £1,600, ní ayé ìgbà yẹn! Ọ̀rọ̀ náà dá gbogbo ìlú níjì débi pé àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò fúnra wọn jọ ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní lépa òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, àyàfi bó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí tó lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ olùpẹjọ́. Ìdájọ́ náà ṣì wà nínú ìwé. Àdéhùn àwọn adójútòfò ló ń dá a dúró, kì í ṣe òfin.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ ni òwe wa kan tí gbogbo yín mọ̀, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe yẹn, ó ti gba ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí lọ́wọ́ ìtúká. Nínú iṣẹ́ mi, òun ni mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ọmọ ìjọ rẹ̀: “Ṣé kí n wá pe ẹ̀gbọ́n mi lẹ́jọ́ ni?” Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ẹ kọ́ lẹ gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Ẹnì kẹta ló gbé e lọ, ẹ̀yin méjèèjì ti wà níbẹ̀. Ohun tó kù ni bóyá adájọ́ máa gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín yín, àbí kó pa á tì. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń gba ìfẹ́ là, ẹ wo Romford: bàbá àti ọmọ kò bá ara wọn jà, síbẹ̀ àwọn tí owó kàn jà á dé House of Lords ní orúkọ ẹlòmíràn. Bí adójútòfò bá ti sanwó fún yín, ó lè dúró sípò yín kó lépa ẹ̀gbọ́n yín, ìbáà wù yín, ìbáà máà wù yín.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Láti 26 oṣù kẹrin 1999, ìwé ìlànà tí kóòtù ń tẹ̀lé fún ẹjọ́ owó àti ẹ̀tọ́ ni Civil Procedure Rules, apá ogún rẹ̀, ìyẹn Part 20, ló sì kan àwa lónìí. Rule 20.6 ní olùjẹ́jọ́ tó bá ti fi ìwé ìdáhùn sílẹ̀, tàbí tó ti fi ìwé sọ pé ìwé ẹ̀sùn náà ti tẹ òun lọ́wọ́, lè bèèrè lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó dá sí owó náà, tàbí kó gbé gbogbo rẹ̀ rù. Kò nílò ẹjọ́ tuntun. Ìwé ìfitónilétí kan ni yóò kọ, tí yóò sọ ohun tó ń bèèrè àti ìdí rẹ̀, tí yóò fi í sílẹ̀ ní kóòtù, tí yóò sì fi ẹ̀dà rẹ̀ lé onítọ̀hún lọ́wọ́. Bí ó bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìdáhùn rẹ̀, kò nílò àṣẹ adájọ́. Bí ó bá pẹ́ ju ìyẹn lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan kó lọ tọrọ àyè, adájọ́ sì lè fún un, ó sì lè máà fún un.

Ọjọ́ 14 ni ẹ ní láti fi ìwé ìdáhùn sílẹ̀ lẹ́yìn tí àlàyé ẹ̀sùn bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ó sì di ọjọ́ 28 bí ẹ bá ti kọ́kọ́ fi ìwé sọ pé ó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ronú lórí ẹni tí ẹ jọ wà nínú ẹ̀sùn. Mo rí àwọn tó fi ọ̀sẹ̀ méjì bẹ olùpẹjọ́, tí wọ́n rán àgbààgbà sí i, tí ọjọ́ sì kọjá lórí wọn. Ẹ bẹ̀ ẹ́, kò burú. Ẹ kọ̀wé pẹ̀lú.

Adájọ́ tó bá rí ìwé yìí yóò dáhùn ìbéèrè méjì tí kò jọra. Ní 1988, House of Lords ṣàlàyé èyí nínú ẹjọ́ Fitzgerald àti Lane. Ọkùnrin kan ya wọ ojú títì nígbà tí iná kò fún ẹlẹ́sẹ̀ láyè, mọ́tò kan gbá a, ó bá ara rẹ̀ níwájú mọ́tò kejì tó ń bọ̀ láti òdìkejì. Adájọ́ àkọ́kọ́ pín ẹ̀bi sí mẹ́ta dọ́gba, ó sì fún ọkùnrin náà ní ìdá méjì nínú mẹ́ta owó rẹ̀. Àwọn Lords ní kò tọ́. Kọ́kọ́ wo olùpẹjọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan àti gbogbo olùjẹ́jọ́ lápapọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni kí o tó pín ti àwọn olùjẹ́jọ́ láàárín ara wọn. Owó ọkùnrin náà wá di ìdajì.

Ìpín ẹ̀bi yìí, iṣẹ́ adájọ́ tó gba làákàyè ni. Nínú ẹjọ́ Davies àti Swan Motor, tí wọ́n dá ní 1949, òṣìṣẹ́ kan dúró lórí àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akólẹ̀ ní ìhà Swansea, bíi ti àwọn kọ́ńdọ́ tó ń rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà mólúè. Bọ́ọ̀sì fẹ́ ya ọkọ̀ akólẹ̀ náà sílẹ̀, wọ́n gbá ara wọn, òṣìṣẹ́ kú. Kóòtù ní òun náà ní ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀bi. Nínú ìyókù, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ló gbé èyí tó pọ̀ jù, àwọn tó ni ọkọ̀ akólẹ̀ sì gbé tiwọn. Àwọn adájọ́ wo ohun méjì: bí ìwà oníkálukú ṣe burú tó, àti bó ṣe fa ìjàǹbá náà tó.

Mo ṣèlérí pé a ó dé ibi àríyá. Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù nìyí. Ìwádìí Yunifásítì Roehampton tó jáde ní 2013 rí ìjọ 240 tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn ní Southwark nìkan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń háyà gbọ̀ngàn. Ẹ fi ìkómọ, ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí 60 kún un. Ká wá sọ pé ẹ̀rọ agbóhùnsókè DJ já lulẹ̀ lu ọmọdé kan. Ta ni lọ́yà òbí ọmọ máa pè? Yóò pe onígbọ̀ngàn. Yóò pe ìjọ tàbí ìdílé tó háyà á. Yóò pe DJ. Yóò pe ẹni tó ṣètò àríyá, ẹni tó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì tó ń mì. Láti 1966, nínú ẹjọ́ Wheat àti Lacon, House of Lords ti fi yé wa pé ibì kan lè ní ju ẹnì kan lọ tó ń ṣe àkóso rẹ̀ lábẹ́ Occupiers' Liability Act 1957. Bí ìjọ náà kò bá sì ní ìdúró tirẹ̀ lábẹ́ òfin, orúkọ àwọn alámòójútó rẹ̀ gan-an, bàbá yìí, màmá yẹn, ni yóò wà nínú ìwé ẹ̀sùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi háyà gbọ̀ngàn. Ẹ lọ wò ó nílé. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ní ìsàlẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó háyà yóò gbé gbogbo ẹ̀sùn tó bá jáde láti ibi àríyá náà rù fún onígbọ̀ngàn. Gbólóhùn yẹn ni lọ́yà onígbọ̀ngàn yóò fi kọ ìwé Rule 20.6 sí yín ní ọjọ́ tí ẹ̀sùn bá dé. Kò ní bẹ yín, kò ní dúró de ìpàdé ìdílé. Ẹ̀yin náà ẹ wo DJ: ṣé ẹ bá a kọ àdéhùn kankan? Ṣé ó ní adójútòfò? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ WhatsApp àti owó àsansílẹ̀ ni gbogbo ohun tó wà láàárín yín. Ìyẹn kò já yín kúrò lẹ́tọ̀ọ́ lábẹ́ òfin 1978, ìdásí tó tọ́ tó sì yẹ ṣì wà fún yín lára rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rí ni yóò nira. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ háyà gbọ̀ngàn lọ́wọ́ oníṣòwò, fún ayẹyẹ ilé yín, Consumer Rights Act 2015 fún yín láyè láti sọ pé gbólóhùn tó rẹ́ni jẹ kò lè dè yín. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín wò ó.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn kọ́lékọ́lé wa. Ilé àtijọ́ ńláńlá ló kún Brockley, tí wọ́n ti gé sí fúláàtì mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹni tó bá ń ṣe òrùlé fún fúláàtì òkè lè ba àjà ti ìsàlẹ̀ jẹ́. Onílé ìsàlẹ̀ á pe onílé òkè, kọ́lékọ́lé àti ẹnjiníà tó ṣe ìṣirò igi lẹ́jọ́, onílé òkè á fi ìwé ìfitónilétí ránṣẹ́ sí kọ́lékọ́lé, kọ́lékọ́lé á fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnjiníà. Ní oṣù karùn-ún 2025, nínú ẹjọ́ URS àti BDW, Supreme Court tún fẹ ọ̀nà yìí. BDW, tó kọ́ àwọn ilé gogoro, rí àléébù nínú wọn, ó sì fi owó ara rẹ̀ tún wọn ṣe láì sí ẹni tó pè é lẹ́jọ́. Kóòtù ní kò dìgbà tí onílé bá gba ìdájọ́ tàbí tó bá fẹnu kò pẹ̀lú rẹ̀ kó tó lè bèèrè ìdásí lọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà tó ṣe àwòrán ilé.

Mo ní láti kìlọ̀ fún yín lórí ìparí ìjà. Ká sọ pé olùpẹjọ́ bá ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn olùjẹ́jọ́ fẹnu kò, onítọ̀hún san £5,000, ó gba rìsíìtì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò tíì bọ́. Òfin 1978 gba olùjẹ́jọ́ tó kù láyè láti padà wá bá a fún ìdásí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti olùpẹjọ́ ti parí. Nítorí náà, kí gbogbo olùjẹ́jọ́ wà nínú àdéhùn ìparí, tàbí kí olùpẹjọ́ fọwọ́ sí i pé òun ni yóò gbà á sílẹ̀ bí ẹlòmíràn bá padà wá. Ní ti ẹni tó san nínú òtítọ́ ọkàn láti fi parí ẹ̀sùn, òun náà lè lépa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì pọn dandan kó kọ́kọ́ fi hàn pé òun jẹ̀bi lóòótọ́, bí ẹ̀sùn náà bá ti jẹ́ irú èyí tí ì bá dè é ká ní wọ́n fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó gbọ́dọ̀ fi hàn ni pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ̀bi.

Ẹ má sì fi lọ́yà kan ṣoṣo ṣe ti ẹni méjì nítorí àtidín owó kù. Bí ẹ̀tọ́ ẹnì kan bá lè tako ti ẹnì kejì, òfin ìwà àwọn lọ́yà kò gbà á láyè, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà tóóró. Lọ́yà yẹn kò lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lépa ẹnì kejì tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ máa bu ara yín jẹ níwájú olùpẹjọ́ o. Olùjẹ́jọ́ méjì tó ń naka síra wọn máa ń bá olùpẹjọ́ ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì lè fẹnu kò lórí ìwé pé ẹ ó jọ kojú ẹ̀sùn ná, pé ẹ̀tọ́ oníkálukú lára ẹnì kejì ṣì wà, pé ẹ ó sì yanjú rẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́. Àdéhùn tó dára gan-an ni, bó bá ti wà ní àkọsílẹ̀.

Bí ẹ bá dúró de ẹ̀yìn ìdájọ́, ọdún méjì ni ẹ ní. Limitation Act 1980 ló sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ ìdájọ́, tàbí láti ọjọ́ tí ẹ fẹnu kò lórí iye owó, ni wọ́n ti ń kà á. Nínú ẹjọ́ Aer Lingus àti Gildacroft ní 2006, Court of Appeal ní ìdájọ́ tó sọ iye owó ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìkà, kì í ṣe èyí tó kàn sọ pé o jẹ̀bi. Ọdún méjì kéré. Àwọn tó jọ háyà ilé gbé, tí ẹnì kan san gbogbo owó ilé nígbà tí àwọn yòókù kó jáde, wà lábẹ́ ìlànà mìíràn: gbèsè nìyẹn, kì í ṣe òfò. Ẹjọ́ Hampton àti Minns, tó jẹ́ ti àwọn onídùúró méjì, ti fi hàn pé òfin 1978 kò kan irú gbèsè bẹ́ẹ̀, nítorí náà òfin ọdún méjì yẹn kò dè é. Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn sùn.

Ẹnì kan bi mí kí n tó jókòó ṣètò ọ̀rọ̀ yìí pé báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún àgbà pé òun fẹ́ fi irú ìwé ìfitónilétí bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Mo rò pé ó yẹ kí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí ìwé kóòtù tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ẹ bá ní adójútòfò, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un, torí ọ̀pọ̀ àdéhùn adójútòfò kò gbà yín láyè láti gba ẹ̀bi fúnra yín. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹ̀gbọ́n, kí ẹ sì fi lẹ́tà kúkúrú tì í. Mo máa ń dábàá irú èyí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́yà mi yóò fi ìwé kan ránṣẹ́ sí yín láti kóòtù pẹ̀lú ìdáhùn mi. Ohun tó ń bèèrè ni pé bí adájọ́ bá ní ká san owó fún olùpẹjọ́, kí ó pín in láàárín wa bó ṣe tọ́. Mi ò fi ìyẹn gba ẹ̀bi, mi ò sì fi sọ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ẹ̀yin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ irú rẹ̀ sí mi, inú mi ò sì ní bà jẹ́ bí ẹ bá kọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá lọ́yà tiyín, ẹ sì fi ìwé náà han adójútòfò yín kíá.” Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Kí ìwé ìfitónilétí náà gan-an sì bá ìwé ìdáhùn yín dé kóòtù lọ́jọ́ kan náà.